Ìwé Ìṣirò Ẹgbẹ́ Eyín Kíkẹ̀

Ìwé yìí ti ya lẹ́yìn, epo ọkọ̀ ti rin ewé kẹta gbindingbindin,
ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́, mo ṣì lè kà á.
Toledo, ìpínlẹ̀ Ohio, oṣù kejì ọdún 1983:
yìnyín bo òrùlé gàráàjì bàbá Verne,
ilé iṣẹ́ gíláàsì ṣẹ̀ṣẹ̀ lé igba ènìyàn lọ sílé,
bàbá Verne wà nínú wọn.
Ó jókòó sí ilé ìdáná, ó ń gbọ́ ariwo wa.
Kò sọ pé ká dákẹ́.

Eyín ń dun Verne lọ́jọ́ náà.
Ó ń lu ìlù, omi ń bọ́ lójú rẹ̀,
Marlys Kubiak ní, "Ẹ wò ó, a ti rí orúkọ."
Orúkọ tí kò wu ìyá ẹnikẹ́ni.
Ibi mẹ́ta péré ni Gil Pruett mọ̀ ọ́n tẹ̀ lára gìtá.
Ó ní mẹ́ta tó. Èmi náà gbà:
ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù.
Orin wọn kì í pé ìṣẹ́jú méjì,
ó dé, ó ti lọ, bí ọmọ tó fọ́ àwo tó sá jáde,
ohùn Marlys sì ń ha etí
bí ṣíbí tó ń wá ìkanpa nídìí ìkòkò.

Èmi ò mọ ìlù, èmi ò mọ orin.
Èmi ni mo jókòó ti tábìlì lẹ́nu ọ̀nà,
tí mo ń ta tíṣáàtì, tí mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Dayton: ènìyàn mọ́kànlá. Dọ́là mẹ́rìnlélógún. Epo gbé méjìdínlógún.
Fort Wayne: wọn ò sanwó. Àwo ẹ̀wà kan, ṣíbí mẹ́rin.
Milwaukee: ẹnìkan tutọ́ sí Marlys lára, Marlys tutọ́ padà,
ilé ọ̀gbẹ́ni náà la sùn.
Des Moines: ọkọ̀ kọ̀. Gil ta aago ọwọ́ rẹ̀.
Àwa mẹ́rin nínú ọkọ̀ kan,
ìbọ̀sẹ̀ Gil ló ṣe ìkarùn-ún wa.

Ọdún 1986, a fi owó ara wa tẹ ẹgbẹ̀rún àwo.
Orí tábìlì ìyá àgbà Marlys la ti ń ká páálí rẹ̀,
màmá ń fi gọ́ọ̀mù sí i, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n,
ó ní kí ni orin náà ń sọ?
Marlys ní, "Ọ̀rọ̀ eyín ni, Màmá."
Màmá mi orí. Ó ní eyín ò dáa, lóòótọ́.

Ọkùnrin kan wá láti Los Angeles, bàtà rẹ̀ ń dán,
ìwé àdéhùn nínip̣ọn lábẹ́ abíyá rẹ̀.
Ó ní ká kọ́kọ́ fọ orúkọ náà mọ́.
Marlys ní rárá. Gil ní bẹ́ẹ̀ ni. Verne ń wò mí.
Mo ṣírò rẹ̀: bí wọ́n bá fún wa ní ẹgbàá mẹ́wàá,
wọ́n á gba ẹgbàá mọ́kànlá padà.
Mo fi han Gil. Gil ní ìṣirò kì í kọrin.
Láti ọjọ́ náà ló ti ń wo ojú fèrèsé
bí ẹni tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ ti kọjá.
Bóyá mo ṣì í ṣírò. Mo ti tún un ṣe nígbà ogún.

Erie, 1991: ènìyàn mẹ́sàn-án, ajá kan.
Gil lọ ń kan òrùlé ní Tucson.
Mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ọdún mẹ́jọ,
ohun tó kù lẹ́yìn Eyín: dọ́là mẹ́tàdínlógójì.
A fi yọ eyín Verne.

Ó wà níbí, nínú àpò ìwé, lábẹ́ ewé tó kẹ́yìn.
Dókítà ní ká jù ú nù.
Verne ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ ná.